Ta Ló Ń Fá Pákó ní Ṣọ́ọ̀bù Thomas Day?

Lọ́dọọdún, tí oṣù Èrèlé bá ti wọlé, tí àwọn ará Amẹ́ríkà sì bẹ̀rẹ̀ ìrántí ìtàn àwọn aláwọ̀ dúdú, ìtàn ọkùnrin kan kì í pẹ́ yọjú. Thomas Day lorúkọ ẹ̀. Káfíńtà ni, ẹni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀dì, tábìlì, kọ́bọ́ọ̀dù àti àga gbọọrọ onítìmùtìmù fún àwọn olówó. Ọdún 1801 ni wọ́n bí i ní Virginia, ọmọ aláwọ̀ dúdú tí kì í ṣe ẹrú, níbi tí ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn aláwọ̀ dúdú ti jẹ́ ẹrú. Nígbà tó fi máa di 1850, ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ ní ìlú Milton ni wọ́n kà sí èyí tó tóbi jù ní gbogbo ìpínlẹ̀ North Carolina. A máa ń rí ìtàn yìí, a máa ń fi ránṣẹ́ síra wa, a sì máa ń kọ ọ́ sísàlẹ̀ ẹ̀ pé: ẹ wo ẹni tí kò ráhùn, tí kò bẹ ẹnikẹ́ni, tó gbájú mọ́ iṣẹ́ ẹ̀, tí Ọlọ́run sì gbé e ga. Àwa tá à ń kọ èyí náà ti fi ránṣẹ́ rí.

A ò ní fi ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́. Kì í ṣe pé ọkùnrin náà ò sí, kì í sì í ṣe pé iṣẹ́ ẹ̀ ò dáa. Ohun tó ń bí wa nínú ni pé wọ́n gé ìtàn náà. Wọ́n mú ibi tó dùn, wọ́n ju ibi tó korò nù, wọ́n wá gbé ìyókù fún àwa ọ̀dọ́ bí ẹni ń gbàdúrà fún èèyàn. Bẹ́ẹ̀, inú ibi tó korò yẹn gan-an ni iṣẹ́ náà ti ṣẹlẹ̀. Ìbéèrè kan la fẹ́ kí gbogbo ẹni tó bá tún fẹ́ sọ ìtàn yìí kọ́kọ́ dáhùn: ta ló ń fá pákó ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Iṣẹ́ yìí ò já bọ́ lù ú láti ojú ọ̀run. Iṣẹ́ ìdílé ni. John Day, bàbá ẹ̀, káfíńtà ni. Òun ló kọ́ àwọn ọmọ ẹ̀ méjèèjì, John kékeré àti Thomas, bí wọ́n ṣe ń mú ayùn, bí wọ́n ṣe ń fi àtè lẹ pákó mọ́ pákó tí ojú ò fi ní rí ìlà àárín ẹ̀. Ìyá wọn, Mourning Stewart, wá láti ìdílé tó wà lómìnira. Oníṣègùn ni bàbá tó bí i. Ní 1817 ìdílé náà kó lọ sí North Carolina. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, Thomas dó sí Milton, ìlú kékeré kan létí odò Dan, nítòsí ààlà Virginia. Ní 1827 ó ti ń polówó ọjà ẹ̀ nínú ìwé ìròyìn ìlú yẹn. Nígbà tí ọjọ́ sì lọ, ọmọ ẹ̀ tó ń jẹ́ Thomas bíi tiẹ̀ ló gba iṣẹ́ náà. Bàbá, ọmọ, ọmọ-ọmọ: ìran mẹ́ta.

Ibi àkọ́kọ́ tí wọ́n gé nìyẹn. Ẹni tí wọ́n ń pè ní ẹni tó fọwọ́ ara ẹ̀ tún ìwà ara ẹ̀ ṣe, ogún ló jẹ. Ó jogún òmìnira, ó jogún iṣẹ́ ọwọ́, ó mọ̀wé kọ, ó mọ̀wé kà. Kò sí èyí tó jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n tí a bá wá na ìtàn ẹ̀ síta bíi pàṣán, tí a sọ fún ẹni tí wọ́n bí sí oko ẹrú pé «wo ẹgbẹ́ ẹ», ìyànjẹ ni.

Ibi kejì tí wọ́n gé ló gbóná jù. Ní 1830, Thomas Day fẹ́ gbé Aquilla Wilson níyàwó, ọmọbìnrin aláwọ̀ dúdú tí òun náà wà lómìnira ní Virginia. Ọ̀nà ò jìn, àwọn méjèèjì fẹ́ra wọn, kí ló kù? Òfin ló kù. Òfin North Carolina ti ọdún 1826 ní aláwọ̀ dúdú tó wà lómìnira ò gbọdọ̀ ti ìpínlẹ̀ míì wá fi ibẹ̀ ṣelé. Ìyàwó ò lè wọlé ọkọ. Bí ìyàwó ò bá sì lè wọlé, àfi kí ọkọ kó ẹrù ẹ̀ kó máa lọ.

Àyà àwọn aláwọ̀ funfun Milton já. Ta ni yóò máa ṣe bẹ́ẹ̀dì àti kọ́bọ́ọ̀dù fún wọn? Wọ́n kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, wọ́n tọwọ́ bọ̀ ọ́, pé kí wọ́n jọ̀ọ́ jẹ́ kí ìyàwó káfíńtà àwọn wọlé. Romulus Saunders, tó jẹ́ agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀ náà, fi ọ̀rọ̀ tiẹ̀ sí i. Ó ní òun mọ Thomas Day dáadáa, ọmọlúàbí ni. Ó wá fi kún un pé bí rúkèrúdò kan bá ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú, ọkàn òun balẹ̀ pé Day á wá tú àṣírí ẹ̀ fáwọn, torí pé òun náà ní ẹrú, ó sì ní ilẹ̀. Ilé ìgbìmọ̀ gbà. Aquilla wọlé.

Ẹ tún ibẹ̀ kà, ẹ̀yin èèyàn wa. Ẹwà àga nìkan kọ́ ló ṣílẹ̀kùn fún ìyàwó yẹn. Ohun tí agbẹjọ́rò àgbà gbé kalẹ̀ bí ẹ̀rí pé wọ́n lè fọkàn tán ọkùnrin náà ni pé àwọn aláwọ̀ dúdú míì wà lábẹ́ ẹ̀ tó jẹ́ ohun ìní ẹ̀. Nínú ọdún 1830 yẹn náà, ìwé tí David Walker, ọmọ North Carolina tó sá lọ gbé ní Boston, kọ láti pe àwọn ẹrú dìde, ti dé inú ìpínlẹ̀ náà. Ẹ̀rù ń ba àwọn olówó ẹrú. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ṣòfin pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kọ́ ẹrú ní ìwé. Inú ẹ̀rù yẹn ni wọ́n ti wò yíká, tí wọ́n ní: Day kò léwu, tiwa ni, ó ní ẹrú.

Nítorí náà, ẹni tó bá ní «kò bẹ ẹnikẹ́ni», ìwé ẹ̀bẹ̀ rèé. Ẹni tó bá ní «ìwà ẹ̀ nìkan ló gbé e ga», ẹ bi í pé ìwà wo? Ìwà wo ni wọ́n ń wò nígbà tí wọ́n ń ka ẹrú?

Ó wá ku ibi kẹta, ibi tí ìbéèrè wa wà. Ètò ìkànìyàn ọdún 1850 ka ẹrú 14 sábẹ́ orúkọ Thomas Day. Ẹ máa wá orúkọ wọn títí ojú á fi pọ́n, ẹ ò ní rí i níbẹ̀. Ìwé tí wọ́n fi ka ẹrú lọ́dún yẹn kì í kọ orúkọ ẹrú. Orúkọ olówó wà lókè, ọjọ́ orí, ọkùnrin tàbí obìnrin, àwọ̀ ara, ó parí. Orúkọ ọ̀gá wá wà lẹ́ẹ̀mejì: ó wà nínú ìwé ìkànìyàn, ó tún wà lára àga.

Ẹni tó bá ti jókòó sí ṣọ́ọ̀bù káfíńtà rí, kódà fún wákàtí kan péré, mọ̀ pé àga kì í ti ọwọ́ ẹnì kan jáde. Ẹnì kan la gẹdú. Ẹnì kan sá pákó títí ó fi gbẹ, torí pákó tútù máa ń yẹ̀, á sì fọ́ lójú ìṣó. Ẹnì kan fá a títí ó fi dán. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbẹ́ oríkèé, kí pákó kan lè wọ inú èkejì. Àwọn oníbàárà Day fẹ́ràn máhógánì, igi tó ń ti òkè òkun wá, tó jẹ́ ẹbí kan náà pẹ̀lú ọ̀gánwó tiwa. Owó gọbọi ni. Nítorí náà, igi tí kò wọ́n ni wọ́n fi ń ṣe inú, wọ́n á wá lẹ máhógánì tó fẹ́lẹ́ bí páálí mọ́ ojú ẹ̀, ohun tí àwọn káfíńtà wa ń pè ní fíníà. Tí fíníà bá lẹ̀ dáadáa, ẹ ò ní mọ̀ pé igi míì wà lábẹ́ ẹ̀. Igi abẹ́ yẹn ló sì ń gbé ẹrù.

Thomas Day mọ iṣẹ́, a ò lè jà á lólè. Ara àtẹ̀gùn àti ibi ìdáná ilé àwọn olówó Caswell, ọwọ́ ẹ̀ hàn níbẹ̀: igi tó ká bí ìgbín, tó tún ṣẹ́ bí omi tó ń ṣàn, tí kò jọ ti ẹlòmíì. Gómìnà David Reid ra ẹrù lọ́wọ́ ẹ̀. Ní 1847, yunifásítì North Carolina ní Chapel Hill bá a dòwò lórí gbọ̀ngàn àwọn ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tó yá, ó ra ẹ̀rọ tó ń fi ooru omi ṣiṣẹ́ sí ṣọ́ọ̀bù. Àwọn aláwọ̀ funfun wà lára àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́. Àwọn yẹn gbowó, bí iṣẹ́ ò bá sì tẹ́ wọn lọ́rùn wọ́n á ṣí kúrò. Ẹrú ò lè ṣí lọ síbì kankan.

Àwọn oníbàárà náà ńkọ́, níbo ni wọ́n ti rówó? Tábà ni. Ẹ sì gbọ́ èyí: ní 1839, ní ìjọba ìbílẹ̀ Caswell yẹn kan náà tí Milton wà, ọmọkùnrin ẹrú kan tó ń jẹ́ Stephen, lóko Abisha Slade, ló ṣàwárí bí wọ́n ṣe lè fi iná èédú sá tábà tí ewé ẹ̀ á fi pọ́n rẹ́súrẹ́sú bíi wúrà. Tábà yẹn ló sọ agbègbè náà dọlọ́rọ̀. Owó ẹ̀ ló ń ra bẹ́ẹ̀dì máhógánì. Slade ní orúkọ àti orúkọ bàbá. Stephen ní orúkọ kan ṣoṣo, ìyẹn gan-an ṣì sàn ju ti àwọn 14.

A ti ń gbọ́ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ sọ. Àwọn kan á ní: «Ó lè jẹ́ pé ó rà wọ́n láti gbà wọ́n sílẹ̀ ni.» Òótọ́ ni pé àwọn aláwọ̀ dúdú tó wà lómìnira máa ń ra ìyàwó tàbí ọmọ wọn nígbà míì, torí òfin ò jẹ́ kí wọ́n tètè dá wọn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí Saunders kọ. Kò kọ ọ́ pé ọkùnrin yìí ń gba àwọn èèyàn ẹ̀ là. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀rù ìyẹn ì bá bà wọ́n ju ohunkóhun lọ. «Ó lè jẹ́ pé» ò tó láti fi bo orí èèyàn 14.

Àwọn míì á ní: «Bí ayé ṣe rí nígbà yẹn nìyẹn.» Ayé ta ni? Àwọn ẹrú ò sí láyé ni? Àwọn náà wà láyé nígbà yẹn, ẹ bi wọ́n bóyá ó dára. Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ tán: ẹrú kú, ìyá ò gbọ́, ọmọ kú, ariwo ta, bẹ́ẹ̀ ẹrú náà ṣe ọmọ rí nílé ìyá ẹ̀.

Ẹlòmíì á wá ní à ń ba èèyàn wa jẹ́, nígbà tí àwọn aláwọ̀ funfun tó ní ọgọ́rùn-ún ẹrú wà níbẹ̀. Wọ́n wà, orí ilẹ̀ wọn ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀, àwọn ló ṣe òfin, àwọn ló sì jẹ èrè tó pọ̀ jù. A ò dá ẹnikẹ́ni nínú wọn láre. Thomas Day alára, nínú ìdè ló wà. Ó rán àwọn ọmọ ẹ̀ lọ kàwé ní Wesleyan Academy ní Wilbraham, Massachusetts, torí ìlú tó ń ra àga ẹ̀ ò ní iléèwé fún wọn. Ní 1835, òfin ìpínlẹ̀ náà gba ẹ̀tọ́ ìdìbò lọ́wọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú tó wà lómìnira. Bó ṣe lówó tó, ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn aláwọ̀ funfun ló dúró lé. Ìdí nìyẹn tá a fi ń sọ pé kí wọ́n sọ gbogbo ẹ̀. Ìtàn ọkùnrin tí wọ́n fún ní ìwọ̀nba àyè, tí iye àyè yẹn sì jẹ́ ẹ̀yìn àwọn ẹlòmíì tó gorí ẹ̀, ó kọ́ wa lọ́gbọ́n ju ìtàn ẹni tó ṣiṣẹ́ kára lọ.

Ẹ wo ẹ̀gbọ́n ẹ̀, John. Bàbá kan náà ló kọ́ wọn níṣẹ́. Ní 1830, ọdún ìgbéyàwó Thomas, John kó ìyàwó àti ọmọ, ó wọkọ̀ lọ sí Liberia. Àrùn pa ìyàwó àti àwọn ọmọ yẹn láìpẹ́. Ó dúró, ó di ajíhìnrere, ó wà lára àwọn tó tọwọ́ bọ ìwé òmìnira Liberia ní 1847, ó sì di adájọ́ àgbà níbẹ̀. Ẹ ò wá rí i pé ẹ̀gbọ́n mọ́ ju àbúrò lọ? Ẹ dúró. Ẹgbẹ́ ajíhìnrere ti àwọn Onítẹ̀bọmi gúúsù Amẹ́ríkà ló ń san owó ẹ̀, ẹgbẹ́ tó dá dúró ní 1845 nígbà tí wọ́n ń jà pé olówó ẹrú lè jẹ́ ajíhìnrere. Ẹgbẹ́ kan náà ló rán T. J. Bowen wá sílẹ̀ Yorùbá ní 1850, Bowen tó kọ ìwé gírámà àti ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ Yorùbá. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni nínú wa má rò pé ọ̀rọ̀ yìí jìnnà sí wa. Owó tó ti ọ̀dọ̀ àwọn olówó ẹrú wá wà nínú ìtàn ìwé kíkọ èdè wa.

Tiwa gan-an ńkọ́? Ní àwọn ọdún tí Day ń ṣe àga yẹn, Ẹfúnróyè Tinúbú ń ṣòwò l'Ékòó àti l'Ábẹ́òkúta, ẹrú wà nínú ọjà tó ń tà. Gbàgede kan l'Ékòó ń jẹ́ orúkọ ẹ̀ títí dòní. À ń pè é ní akíkanjú obìnrin, akíkanjú sì ni. Àmọ́ mélòó nínú wa ló lè dárúkọ ẹnì kan ṣoṣo nínú àwọn tó tà? Ọwọ́ tá a fi ń di ìtàn Thomas Day mú náà la fi ń di tiwa. Ẹni tó bá dé òkè la máa ń mọ̀.

Ìlò tá à ń lo ìtàn yìí lónìí ló jẹ́ kó dùn wá. Ọ̀gá kan á ní ọmọ iṣẹ́ méje ní ṣọ́ọ̀bù, wọn ò gbowó, wọ́n á fi ọdún mẹ́ta gbálẹ̀, fa sáńpépà, gbé pákó, kí wọ́n tó ṣe fírídọ̀mù. Àga á jáde, orúkọ ọ̀gá nìkan la máa gbọ́. Bí ọmọ iṣẹ́ bá ráhùn, wọ́n á sọ ìtàn ẹni tí kò ráhùn fún un. Ọmọ iṣẹ́ kì í ṣe ẹrú, a mọ̀. Ó máa ń lọ sílé, ó ní bàbá tó mú un wá. A ò pe àwọn méjèèjì ní nǹkan kan náà. Ohun tá à ń sọ ni pé ìtàn tí wọ́n gé tí ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ fi pòórá nínú ẹ̀, àwọn ọ̀gá nìkan ló wúlò fún.

Ní Milton, wọ́n máa ń sọ pé Day ló ṣe àwọn bẹ́ǹṣì ṣọ́ọ̀ṣì Presbyterian, àti pé àdéhùn tó bá wọn ṣe ni pé kí wọ́n jẹ́ kí òun àti ìdílé òun jókòó sísàlẹ̀ pẹ̀lú àwọn aláwọ̀ funfun, kì í ṣe lókè níbi tí wọ́n ń kó àwọn dúdú sí. Ìtàn ẹnu ni, ó sì dùn ún gbọ́. Gbogbo ẹni tó ń sọ ọ́ ló máa ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbàkigbà tá a bá ti gbọ́ ọ báyìí, ohun tá a máa ń bèèrè ni pé: ní ọjọ́ Sunday yẹn, níbo ni àwọn tó gbé bẹ́ǹṣì náà wọlé jókòó sí?

Bí ọ̀rọ̀ ṣe parí rèé. Nígbà tí ètò owó Amẹ́ríkà dojú dé ní 1857, gbèsè wó ṣọ́ọ̀bù náà. Wọ́n jẹ Day, òun náà jẹ àwọn èèyàn. Ọmọ ẹ̀ ló dìde láti gba iṣẹ́ náà là. Day kú ní nǹkan bí 1861, ọdún tí ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀. Ní 1865 ogun parí, oko ẹrú náà parí. Ilé tí ṣọ́ọ̀bù náà wà, Union Tavern, jóná ní 1989, wọ́n sì ti tún un ṣe. Ère ẹ̀ wà níwájú ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ní Raleigh. Àwọn àga ẹ̀ ṣì lágbára.

Nítorí náà, ohun tá à ń bẹ̀ yín fún ò pọ̀. Ẹ má pa ìtàn Thomas Day rẹ́. Ẹ máa sọ ọ́. Tí oṣù Èrèlé bá tún dé, ẹ kọ ọ́ pé káfíńtà tó mọ iṣẹ́ ni, pé bàbá ẹ̀ ló kọ́ ọ, pé òfin fẹ́ gba ìyàwó lọ́wọ́ ẹ̀, pé wọ́n dá ìyàwó náà sílẹ̀ fún un torí iṣẹ́ ẹ̀ àti torí pé ó ní ẹrú. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ 14 síbẹ̀. Bí ẹni tó ń ka ìtàn náà bá bi yín pé kí lorúkọ wọn, ẹ sọ fún un pé wọn ò kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kó dùn ún bó ṣe dun àwa náà.